Atukọ̀ tó bá lè sọ pé “A ò lọ lónìí” ni kẹ́ ẹ fowó yín háyà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè kọ́kọ́ dà bíi pé kò kan ẹni tó ń ta gaàrí l’Óyìngbò tàbí ẹni tó ń ta páátì mọ́tò ní Ládípọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi táwọn èèyàn ń háyà l’Amẹ́ríkà láti fi lọ pa ẹja túnà lójú agbami òkun ni. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka abala ọrọ̀ ajé wa yìí lẹ lọ́mọ, ẹ lábùúrò, ẹ sì lẹ́gbọ̀ọ́n tó ń ṣòwò lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ làwọn mìíràn nínú yín máa ń lọ kí wọn tí ọlidé bá dé. Àwọn èèyàn wa náà ti ń kọ́ irú fàájì yìí lára àwọn òyìnbó, bí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ wá dáwó sí i, kì í ṣe owó kékeré ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ mú wá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oníṣòwò kéékèèké bíi tiyín làwọn tó ń fi ọkọ̀ wọ̀nyí háyà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ọmọṣẹ́ kan tàbí méjì ló wà lọ́dọ̀ wọn, gbèsè báǹkì sì wà lọ́rùn ẹlòmíì nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣòwò wọn yẹ ní wíwò.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Maryland, ó ti lé lógún ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ló ní, èlùbọ́, ẹ̀gúsí, panla àti isu Gánà ló ń tà. Lọ́dún 2022, ọ̀rẹ́ wọn kan pé ọmọ àádọ́ta ọdún, làwọn méje tó kù nínú ẹgbẹ́ wọn bá ní àwọn ò ní í gbé pátì lọ sí gbọ̀ngàn lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní ọkọ̀ làwọn máa háyà, àwọn á lọ pa túnà. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ocean City ni wọ́n ti ń wọkọ̀ ọ̀hún ní Maryland. Ìjì líle kan tó jà lóṣù Kẹjọ ọdún 1933 ló la ojú omi ibẹ̀ sínú òkun, láti ìgbà náà làwọn apẹja ti ń gba ibẹ̀ jáde lọ sójú agbami.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọlọ́kọ̀ káàkiri. Èyí ní 2,500 dọ́là fún ọjọ́ kan, òmíràn ní 2,800. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí ọkùnrin kan tó ní òun máa gba 1,600 péré, wọ́n sì ní kó sọ iye èèyàn tọ́kọ̀ rẹ̀ lè gbà. Ó ní bó bá ṣe wù wọ́n kí wọ́n pọ̀ tó, kí wọ́n ṣáà máa bọ̀. Èèyàn mẹ́jọ, igba dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí inú rẹ̀ ò ní í dùn? Wọ́n fi 500 dọ́là ránṣẹ́ sí i gẹ́gẹ́ bí owó àsansílẹ̀, wọn ò sì gba rìsíìtì kankan.

Nígbà tí wọ́n dé èbúté laago mẹ́ta òru ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ débi pé okùn tí wọ́n fi so àwọn ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ń dún kíke-kíke. Kò sí ọkọ̀ kankan tó fẹ́ jáde. Iná ò tàn nínú ọ̀kankan nínú wọn. Ọkùnrin yẹn nìkan ló ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, tó ń pè wọ́n pé kí wọ́n wọlé kíá. Ó ní ìjì náà máa rọlẹ̀ tílẹ̀ bá mọ́. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó yà wọ́n lẹ́nu. Ó ní bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi bá dá àwọn dúró, kí wọ́n sọ pé ọ̀rẹ́ òun ni wọ́n, pé wọn ò sanwó fóun.

Obìnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun ló ní kí baba náà mú láísẹ́ǹsì rẹ̀ wá kóun wò ó. Ó ní ó wà nílé. Nọ́ọ̀sì ní bó bá jẹ́ ilé ló wà, ilé lòun náà ń lọ. Àwọn yòókù kọ́kọ́ bínú sí i, ọlọ́jọ́ ìbí gan-an ní ó ba ọjọ́ òun jẹ́, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fà á láṣọ. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi náà bọ́ sílẹ̀, ni gbogbo wọn bá bọ́ sílẹ̀. Owó àsansílẹ̀ lọ sókùn nìyẹn. Ọkùnrin náà ní àwọn ni wọ́n kọ̀ tí wọn ò lọ, òun ò kọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni nọ́ọ̀sì àti ọlọ́jọ́ ìbí ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi lórí fóònù, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ wo òfin tó wà lórí rẹ̀. Bó ṣe rí rèé. Coast Guard, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ló ń fún àwọn atukọ̀ ní láísẹ́ǹsì, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń tún un gbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ tó ń lọ pa túnà, èèyàn mẹ́fà tó sanwó ni òfin gbà wọ́n láyè láti gbé, wọn ò ka atukọ̀ àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ gbé ju mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, kí wọ́n sì fún un ní ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń gbé kọ́ síbi tójú èrò ti lè rí i. Èèyàn mẹ́jọ nínú ọkọ̀ tí kò nírú ìwé bẹ́ẹ̀, àfi ká wulẹ̀ pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́, ohun tó lòdì sófin ni. Ọ̀rọ̀ “ẹ ní ọ̀rẹ́ mi ni yín” yẹn, ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn ń wá kiri gan-an nìyẹn. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ máa retí ilé-iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì tó máa sanwó fún ọkọ̀ tí kò bófin mu.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi ọlọ́kọ̀ kì í ṣe iye tó ń gbà. Ẹ bi í pé èèyàn mélòó ló lè gbé. Ẹni tó bá ní “mẹ́fà, mi ò sì lè fi ẹyọ kan lé e,” ẹ tẹ́tí sí i. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ṣáà máa bọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe ẹlòmíì.

Ìwé kejì wà o. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ẹja inú òkun, NOAA, ló ń fún àwọn ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ pa túnà ní apá òkun Àtìláńtíìkì ní ìwé àṣẹ pàtàkì kan. Tí ọkọ̀ bá ti ní in, èrò ò nílò láti lọ gba tiwọn lórí ọ̀rọ̀ túnà. Tí kò bá ní in, ẹja tẹ́ ẹ bá gbé bọ̀ lè di wàhálà sí yín lọ́rùn ní èbúté.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2023, mo lo ìsinmi mi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti parí ìjà, wọ́n sì ti pinnu láti tún un gbìyànjú, àmọ́ àwọn mẹ́fà péré ló ń lọ lọ́tẹ̀ yìí, èmi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kí n má purọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló san tèmi. Owó oṣù oníròyìn ò gbé irú ẹ̀. Atukọ̀ tí wọ́n háyà gba 2,800 dọ́là, ó sì fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bó bá jẹ́ pé òun atukọ̀ lòun ní àwọn ò lọ nítorí ojú ọjọ́, owó àsansílẹ̀ wọn ò ní í jóná, wọ́n lè mú ọjọ́ mìíràn tàbí kóun dá a padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àwọn ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ nígbà tó ti kù fẹ́ẹ́fẹ́, owó náà ti lọ. Ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé epo wà nínú owó náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí iye epo dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń fò sókè fò sílẹ̀, ẹ ò ní í bú mi tí mo bá ní ẹ béèrè ìyẹn dáadáa, nítorí àwọn kan máa ń bu owó epo lé e lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé.

Bó ṣe ku ọ̀la ká lọ, ọkùnrin náà pè ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó ní “A ò lọ lọ́la o.” Ó ní afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti àríwá, ìgbì máa ga, àti pé bí àwọn bá tiẹ̀ dé ibi tẹ́ja wà, kò sẹ́ni tó máa lè dìde dúró mú ọ̀pá ìpẹja. Ẹ̀gbọ́n mi ti ti ṣọ́ọ̀bù nítorí ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ti gbàyè níbi iṣẹ́. Wọ́n kùn sínú fóònù. Ọkùnrin náà ò jiyàn, ó ní òun máa pè wọ́n padà.

Èmi tí mò ń kọ̀ròyìn òwò, ibi tí mo ti ní kí n ṣírò nǹkan náà wò nìyẹn. Ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ 2,800 dọ́là nù lórí fóònù ni. Owó ibi tó ń gbé ọkọ̀ sí ń lọ. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ò ní í rí owó ọjọ́ yẹn. Ìgbà tí túnà máa ń wà lágbègbè yẹn dáadáa ò ju oṣù díẹ̀ lọ nínú ọdún, láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn títí di ìbẹ̀rẹ̀ òtútù, ọjọ́ kan tó bá lọ ò sì ṣeé rà padà. Síbẹ̀, ó ní òun ò lọ. Àwọn àgbà wa náà ti sọ ọ́ pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Tẹ́ ẹ bá ń wá ohun tí ẹ̀ ń fi 1,200 tó lé lórí ti ọkùnrin ọdún 2022 yẹn rà, òun nìyẹn. Kì í ṣe fáànù, kì í ṣe àga onífóòmù. Orí ẹni tó lè wo owó lójú kó ní rárá ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ọ̀lẹ atukọ̀ náà wà, tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá ti fẹ́, á ti padà sùn. Òótọ́ ni, wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó máa ń tú àṣírí. Ẹ bi í pé lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó lo yí padà lójú ọ̀nà, kí ló sì fà á? Atukọ̀ gidi máa ní ìtàn tó máa sọ. Á ní lọ́jọ́ báyìí, ẹ́ńjìnnì kan gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, òun bá padà. Lọ́jọ́ báyìí, ara èrò kan ò yá, òun bá padà. Ẹni tó bá ní òun ò yí padà rí láyé òun, ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ la wá lọ. Laago mẹ́ta ààbọ̀ òru la kúrò ní èbúté. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ó pe gbogbo wa jọ, ó fi ibi tí láìfù-jákẹ́ẹ̀tì wà hàn wá, ó ní kí olúkúlùkù mú tiẹ̀ wọ̀ wò. Ó fi ọkọ̀ roba tó máa ń fẹ̀ fúnra rẹ̀ hàn wá, àti ẹ̀rọ kékeré kan tó jẹ́ pé bó bá ti bọ́ sómi, á máa fi ibi tẹ́ ẹ wà ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Mo béèrè ohun tó ń fi ẹ̀rọ yẹn ṣe nígbà tí gbogbo wa ní fóònù lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ká dúró di wákàtí kan sí i. Lóòótọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo fóònù wa ti kú bí òkúta, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń pa túnà yẹn jìnnà sílẹ̀ tó bí àádọ́ta sí àádọ́rin máìlì. Ìsàlẹ̀ òkun dà bíi pẹpẹ láti etí òkun títí débẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá já wọ́lẹ̀ lójijì, tó sì ní àwọn kòtò gbàgbà-gbàgbà bí àfonífojì. Wọ́n fún àwọn kòtò náà lórúkọ, Baltimore Canyon àti Washington Canyon wà nínú wọn. Omi tútù láti ìsàlẹ̀ máa ń gòkè níbẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ya kúrò lára Gulf Stream náà máa ń gbabẹ̀ kọjá, ibi tí méjèèjì bá ti pàdé làwọn ẹja wẹ́wẹ́ máa ń kóra jọ sí, túnà á sì tẹ̀ lé wọn. Atukọ̀ wa ti wo àwòrán bí omi òkun ṣe gbóná sí láti sátẹ́láìtì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó ní kì í ṣe pé òun mọ ibi tẹ́ja wà, pé ibi tẹ́ja ò sí lòun mọ̀.

Nítorí ọ̀nà jíjìn yìí, irú ọkọ̀ tó jẹ́ náà ṣe pàtàkì, àmọ́ mi ò ní í pẹ́ lórí ìyẹn. Ọkọ̀ ńlá tó ní yàrá lókè àtìsàlẹ̀ máa ń rọra lọ, àmọ́ ibẹ̀ nítura, tọ́lẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ẹni tí òòyì bá ń kọ́ á ríbi sùn sí. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì mẹ́ta mẹ́rin kọ́ sí lẹ́yìn máa ń sáré bí ẹṣin, owó rẹ̀ sì lè dín díẹ̀, àmọ́ gbogbo ìgbì lẹ máa fi ẹ̀yìn gbà. Ẹni tó bá ti lé láàádọ́ta ọdún tí ẹ̀yìn ń dùn, kó mọ èyí tó máa wọ̀. Ẹ rí i pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa wọ̀ ju ẹyọ kan lọ, nítorí kò sí mẹkáníìkì ní àádọ́ta máìlì sínú òkun. Kẹ́ ẹ sì lo oògùn èébì látàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má dúró di ìgbà tí ikùn bá ti dàrú. Ọlọ́jọ́ ìbí wa yẹn dúró. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí títí di aago mọ́kànlá.

A pa túnà méje. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní yellowfin ni, tí lẹbẹ ara rẹ̀ ní àwọ̀ yẹ́lò. Òfin gbà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú mẹ́ta lójúmọ́, kò sì gbọ̀dọ̀ kéré sí ínǹṣì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, nítorí náà a ò tiẹ̀ dé ìdajì ohun tí òfin gbà wá láyè. Ti èyí tí wọ́n ń pè ní bluefin, ẹ béèrè lọ́wọ́ atukọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, nítorí ìjọba lè yí iye tẹ́ ẹ lè mú padà láàárín ọdún.

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja ìlú wa, ohun tí ọmọṣẹ́ ọkọ̀ náà ṣe sí ẹja wọ̀nyẹn ló wù mí kẹ́ ẹ rí. Bí ẹja bá ti wọlé, á ti gún un lọ́bẹ níbi tí ẹ̀jẹ̀ á ti jáde, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á ti tì í bọnú àpótí tó kún fún yìnyín àti omi òkun tí wọ́n pò pọ̀. Túnà kì í ṣe bí ẹja mìíràn, ara rẹ̀ máa ń gbóná, nígbà tó bá sì ti jà fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́nu ìwọ̀, á tún gbóná sí i. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ sínú oòrùn, májèlé kan tí wọ́n ń pè ní histamine máa ń hù nínú ẹran ara rẹ̀. Ẹ sè é, ẹ dín in, ẹ yan án, kò ní í kúrò níbẹ̀, ó sì lè mú kí ojú èèyàn wú, kí orí máa fọ́ ọ, kó máa bì. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ pé yìnyín mélòó ló ń gbé. Kódà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé ẹ ṣí àpótí náà wò kẹ́ ẹ tó gbéra. Ọkọ̀ tó ń kan yìnyín kù láti dín owó kù, ó ń kan nǹkan mìíràn náà kù níbi tójú yín ò tó.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni èbúté nígbà tá a padà. Kó tó kúrò nílé, ó ti palẹ̀ fírísà kan mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun máa gé túnà náà wẹ́wẹ́, òun á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ panla àti títù, òun á sì fi pa owó ọkọ̀ padà. Ó sọ ọ́ létí atukọ̀, ọkùnrin náà sì dá ẹ̀rín rẹ̀ dúró. Ó ní “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.” Òfin Amẹ́ríkà ò gbà kí èrò ọkọ̀ ta túnà tó bá pa. Ọkọ̀ tó bá gba àṣẹ ìtajà mọ́ ìwé tiẹ̀ nìkan ló lè tà á, ọwọ́ àwọn oníṣòwò ẹja tí ìjọba fún níwèé nìkan ló sì lè tà á sí. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì kó ọ sí fírísà fún títà, láísẹ́ǹsì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an ló ń fi ta tẹ́tẹ́.

Bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ṣírò rẹ̀, kò sí èrè níbẹ̀. Àṣà wọn ni pé èrò máa ń fún ọmọṣẹ́ ọkọ̀ ní owó ìdùnnú, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ọkọ̀, nítorí ohun tó ń jẹ gan-an nìyẹn. Àwa fún un ní 560 dọ́là. Ìyẹn jẹ́ 3,360 lápapọ̀, 560 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹja méje náà, tá a bá fojú bù ú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó páùn márùn-ún-dín-lógójì. Nígbà tí wọ́n yọ orí, egungun àti awọ kúrò, ohun tó kù fún jíjẹ ò ju 130 páùn lọ. Ó lé ní dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí páùn kan. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ túnà, kó lọ rà á lọ́jà. Ẹni tó bá ní àwọn fẹ́ fi ọkọ̀ háyà ṣòwò ẹja, kò tíì gbé ìṣirò jókòó.

Àwọn ọkọ̀ kan máa ń sun ojú òkun mọ́jú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ irú ẹ̀, ìbéèrè mìíràn wà níbẹ̀ tí mi ò lè ṣàìsọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, iná jó ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Conception lójú òkun California lóru. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi ló kó, kì í ṣe apẹja, àmọ́ ọkọ̀ háyà ni. Èèyàn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó jẹ́ èrò àti òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n jọ ń sùn nísàlẹ̀ ló bá a lọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù ló ti sùn, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lóru gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe là á sílẹ̀, ìgbà tí wọ́n sì fi máa jí, iná ti gba ẹnu ọ̀nà. Ọ̀nà àbáyọ méjì tó wà, ibì kan náà ni wọ́n já sí. Ilé ẹjọ́ dá atukọ̀ náà lẹ́bi lóṣù Kọkànlá ọdún 2023, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin lóṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ẹ béèrè pé ta ló ń ṣọ́nà lóru, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi ọ̀nà àbáyọ kejì hàn yín kẹ́ ẹ tó gbórí lé ìrọ̀rí.

Nígbà tí mo délé, mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Èkó lọ́jọ́ kan. Wọ́n fún wa ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì lóòótọ́. Tèmi ò ní okùn tí wọ́n ń so. Mo béèrè òmíràn, ọ̀dọ́kùnrin tó ń kó èrò wò mí bíi pé mo bú ìyá rẹ̀, àwọn èrò ní kí n má dá àwọn dúró. Mo bọ́ sílẹ̀, mo dúró de èyí tó tẹ̀ lé e. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá mi sì gbé mi gbóná.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láìpẹ́ yìí. Wọ́n tún fẹ́ lọ. Àwọn mẹ́jọ ló ń lọ lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ méjì ni wọ́n sì máa háyà, mẹ́rin mẹ́rin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ná wọn ní ìlọ́po méjì. Wọ́n ti fi ẹnu kò pé nọ́ọ̀sì ni kó máa bá àwọn atukọ̀ sọ̀rọ̀. Ọlọ́jọ́ ìbí ló dá a lábàá.